Gain kì í ṣe fọ́lúùmù: bó ṣe yẹ kí ohùn jìtá oníná wọ inú kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ́ gba ohùn jìtá oníná sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń ko àgbákò kan náà. Ó ti wáyà bọ interface (àpótí tó ń gbé ohùn jìtá wọ inú kọ̀ǹpútà), ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ó ta okùn díẹ̀, ó wá gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà. Ìlà tó rí níbẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ohùn yìí kò tó. Ló bá yí gain, bọ́tìnnì tó ń mú ohùn tó ń wọlé tóbi, sókè, ó tún yí i sókè, títí ìgbì fi kún àyè tí wọ́n yà fún un lókè nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ta odidi orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó jókòó láti gbọ́ ọ, gbogbo ibi tó ti fọwọ́ le ni ohùn ti fọ́ bíi sípíkà tó ya.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Orin kan wà tí mo ta lálẹ́ ọjọ́ kan, n kò tíì lè ta á bẹ́ẹ̀ mọ́ títí dòní. Ní ibì kan ṣoṣo, lórí kọ́ọ̀dù tó parí ègbè, iná pupa tó ń kìlọ̀ pé ohùn ti ga jù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kò burú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí mo fi ohùn amp (ẹ̀rọ tó ń mú kí jìtá oníná dún síta) sí i, kọ́ọ̀dù yẹn ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá fa bébà ya. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ dára, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e dára. Mi ò lè lò ó.

Ohun tó fà á ni pé mo ka gain sí fọ́lúùmù. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Gain ló ń pinnu bí ohùn ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Fọ́lúùmù ni bí etí yín ṣe máa gbọ́ ọ lẹ́yìn tó bá ti wọlé tán. Bí ohùn bá ti ṣèṣe lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ohùn náà láti orí okùn. Okùn irin tó ń gbọ̀n lórí pickup, ẹ̀rọ kékeré abẹ́ okùn tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, máa ń bí iná mànàmáná kékeré kan. Bí ẹ bá rọra ta á, iná yìí lè má ju 0.1 volt lọ. Bí ẹ bá fi gbogbo ọwọ́ gbá kọ́ọ̀dù lórí humbucker (pickup oníwáyà wíwé méjì) tó lágbára, ó lè kọjá volt kan. Iná náà á gba inú wáyà dé interface. Ohun tó kọ́kọ́ pàdé níbẹ̀ ni preamp, òun ni bọ́tìnnì gain ń darí. Preamp á sọ ọ́ di ńlá, á sì tì í síwájú fún converter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná di nọ́ńbà. Converter á máa wọn gíga ìgbì náà ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, á sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyí ló ń gba wáyà USB lọ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí iná mọ́, nọ́ńbà nìkan ló kù.

Converter ní àjà. Nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè kọ ní òpin. Ìgbì tó bá fẹ́ ga ju àjà yẹn lọ, àjà á gé e lórí: ibi tó yẹ kó rí roboto bí orí òkè á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Orí tó tẹ́ yẹn ni etí wa ń gbọ́ bí ohùn tó fọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fader tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ ń fà sókè sódò láti yí fọ́lúùmù padà, ẹ̀yìn converter ló wà. Bí iná pupa bá tàn tí ẹ sì fa fader wálẹ̀, iná náà lè kú lójú yín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ sọ ohùn tó ti fọ́ di ohùn fífọ́ tó rọra ń dún. Orí tí wọ́n gé kò sí nínú fáìlì rárá. Àwọn irinṣẹ́ kan wà tó lè fojú dá ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń gbìyànjú bí ibi tó fọ́ bá kéré, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́tìnnì tí ẹ fi ń mú kí hẹ́dífóònù pariwo. Kò kan ohun tó ń wọ inú fáìlì.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣebí àwa onijìtá la fẹ́ràn ohùn tó ń ya, a tiẹ̀ ń ra pedal (àpótí kékeré tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀) láti fọ́ ọ? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n amp onítúùbù máa ń tẹ orí ìgbì ní díẹ̀díẹ̀, ó ń rọ̀ ọ́ bọ̀ kó tó dé òpin, sípíkà inú àpótí rẹ̀ á sì tún gbé ọ̀pọ̀ nínú ohùn tó ń gúnni létí mì. Converter kò mọ ìyẹn. Lójijì ló ń gé e, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé nǹkan, ó sì tún ń bí àwọn ohùn tí kò bá kọ́ọ̀dù yín mu rárá. Bí orin náà bá kún fún distortion, ìyẹn ohùn tó ń ya, tó nípọn, àwọn èèyàn lè má ṣàkíyèsí ìgbà kan tàbí méjì tó kan àjà. Lórí ohùn tó mọ́, gbogbo ayé ló máa gbọ́ ọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nọ́ńbà orí mítà, èyí tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, tó ń ka sẹ́yìn. 0 ni àjà. Nítorí náà gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ àjà ni wọ́n kọ ní −: −6, −12, −18, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Òfin kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lórí ni pé gbogbo 6 dB (decibel, ìwọ̀n tí mítà ń lò) tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, gíga ìgbì náà dín sí ìdajì. −6 jẹ́ ìdajì àjà. −12 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. −18 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ẹ fi ìyẹn wo àwòrán ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbì tó wà ní −18, ìdá kan nínú mẹ́jọ àyè rẹ̀ péré ló máa gbà lójú kọ̀ǹpútà, nítorí pé gíga ìgbì gan-an ni wọ́n ń yà síbẹ̀, kì í ṣe bí etí ṣe ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín. Ojú ló ń tan wá jẹ níbi yìí. Ọ̀pọ̀ ètò ìgbohùnsílẹ̀ ní ibi tí ẹ ti lè mú kí àwòrán ìgbì tóbi láì fọwọ́ kan ohùn náà rárá. Bí òwú yẹn bá ń dà yín láàmú, àwòrán ni kí ẹ mú tóbi, ẹ fi gain sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibo ni àṣà kí ìgbì kún dé ẹnu ti wá? Kì í ṣe irọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Téépù ní ariwo tirẹ̀, ṣìììì kan tí kì í dákẹ́. Bí ohùn bá kéré jù, ariwo téépù á bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí CD dé ní 1982, 16-bit ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn ni pé láti ìsàlẹ̀ dé àjà, àtẹ̀gùn 65,536 ló wà. Bí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ sórí 16-bit bá lo ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún àyè yẹn, àtẹ̀gùn tó kù kò pọ̀ mọ́, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbẹ́kẹ́gbẹ̀kẹ̀ níbi tó bá ti rọ̀. Wọ́n ní láti súnmọ́ àjà. Interface òde òní ń lo 24-bit, àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 16,777,216. Ká ní ibi tó ga jù nínú orin yín kò kọjá −24, tí ìlà ojú kọ̀ǹpútà sì dà bí irun orí, àtẹ̀gùn 1,048,576 ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ohun tí CD ní láti ìsàlẹ̀ dé àjà. Kí wá la fẹ́ fi súnmọ́ àjà ṣe? Ohun tí ẹ kàn ní láti ṣe ni kí ẹ rí i pé 24-bit ni ẹ yàn nínú ètò tí ẹ ń lò, torí àwọn kan ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí 16.

Ibi tí èmi máa ń fẹ́ kí mítà wà nìyí: kí ibi tó le jù nínú orin náà máa fò dé nǹkan bíi −12, kó má sì kọjá −6 láé, kí ìyókù máa rìn nítòsí −18. Kì í ṣe òfin tí wọ́n kọ sára òkúta. Àyè tí mo fi sílẹ̀ lókè yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi í sílẹ̀ fún, torí pé ọwọ́ ìdánwò kì í le tó ọwọ́ ìgbà tí orin bá ti wọni lára.

Ẹ wá ṣe é báyìí. Ẹ yí fọ́lúùmù ara jìtá sókè pátápátá, ẹ yan pickup tí ohùn rẹ̀ tóbi jù lára èyí tí ẹ máa lò nínú orin náà, kí ẹ sì mú gain interface wá sílẹ̀ títí kò fi ṣeé yí mọ́. Ẹ má kàn gbá kọ́ọ̀dù kan kí ẹ sì gbà pé ó ti tó. Ẹ ta ibi tó le jù nínú orin yẹn gan-an fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, bí ẹ ṣe máa ta á nígbà tí ẹ bá gbà á. Lórí jìtá tèmi, bí mo bá fi ìka ta okùn kan jẹ́jẹ́, mítà máa ń dúró nítòsí −24. Bí mo bá wá fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ dí àwọn okùn lẹ́bàá bridge (ibi tí okùn gúnlẹ̀ sí lára jìtá), tí mo fi pick (ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn) gbá èyí tó nípọn jù, mítà á fò dé −9 kó tó ṣubú padà. Ohùn dídí yẹn kúrú, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. Mítà ló ń rí i. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń fi irú ibẹ̀ yẹn wọn gain, kì í ṣe ibi tó rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí gain sókè díẹ̀díẹ̀ bó bá yẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i pé kò yẹ rárá, pé ìsàlẹ̀ pátápátá ti tó.

Kí gbogbo èyí tó lè ṣiṣẹ́, ẹnu tó tọ́ ni wáyà gbọ́dọ̀ wọ̀. Lára ọ̀pọ̀ interface, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ Inst tàbí Hi-Z sí, tàbí kí wọ́n ya jìtá síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan gain. Pickup jẹ́ wáyà tó tín-ín-rín gan-an tí wọ́n wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà yí mágínẹ́ẹ̀tì ká, iná tó ń bí kò lè ru ẹrù tó wúwo. Ẹnu Inst sábà máa ń jẹ́ bíi mílíọ̀nù kan ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), bíi ti amp onítúùbù. Ó ń gbọ́ pickup láì fa ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu line máa ń wà nítòsí 10,000 ohm, ti máíìkì kò sì ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Bí jìtá bá wọ ibẹ̀, ẹnu náà á máa fa iná lọ́wọ́ pickup, ohùn òkè tó ń dán ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Jìtá á wá dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé gain ni kò tó, á tún yí i sókè. Ihò kékeré tí wọ́n ń ti hẹ́dífóònù bọ̀ lára kọ̀ǹpútà alágbèéká tiẹ̀ tún burú jù ú lọ: máíìkì kékeré ni wọ́n ṣe é fún, kò bá pickup mu rárá.

Nígbà mìíràn ẹ ti mú gain wá sílẹ̀ pátápátá, iná pupa sì tún ń tàn. Humbucker tó lágbára máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti pickup tó ń lo bátìrì 9 volt. Bí interface yín bá ní bọ́tìnnì pad, ẹ tẹ̀ ẹ́. Á dín ohun tó ń wọlé kù kó tó dé preamp. Bí kò bá ní, ẹ mú skrudráífà, ẹ yí àwọn ìdè ẹ̀gbẹ́ pickup kó lọ sílẹ̀ díẹ̀ kúrò lábẹ́ okùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé èyí ṣeé ṣe, ó sì máa ń mú kí ohùn náà mí dáadáa. Èyí tí mo máa ń fi ṣe ìkẹyìn ni kí n yí fọ́lúùmù ara jìtá wálẹ̀, torí pé lára ọ̀pọ̀ jìtá, ohùn òkè máa ń bá a lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú fún àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ ni sọ́fítíwíà tó ń ṣe bí amp. Bí amp gidi bá wà níwájú yín, kò sí gain kankan láàárín òun àti jìtá. Ohun tí pickup bí náà ni amp ń rí, ó sì ń dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Sọ́fítíwíà náà ń retí irú nǹkan yẹn. Bí ẹ bá fi 12 dB kún ohùn lẹ́nu interface, ẹ ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ amp, bí ẹni gbé pedal boost, èyí tó ń mú ohùn tóbi, síwájú rẹ̀ tó sì gbàgbé pé òun tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó wá máa yí gain inú amp náà wálẹ̀, ohùn ò ní mọ́. Ẹ ó ní sọ́fítíwíà yìí kò dára, ẹ ó ra òmíràn, kò ní mọ́ síbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ra mẹ́ta.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Ẹ jẹ́ kí gain interface wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì lo bọ́tìnnì input tó wà nínú sọ́fítíwíà náà láti fi kún ohùn tàbí dín in kù. Ibẹ̀ nọ́ńbà ni, ẹ lè yí i padà lọ́la, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó péye, ẹ ṣí ìwé tó bá interface yín wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ maximum input level sí fún ẹnu Inst. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní dBu, níbi tí 0 dBu ti jẹ́ 0.775 volt. Nọ́ńbà yẹn ń sọ iye iná tó máa kan àjà nígbà tí gain bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ká ní ti interface kan jẹ́ +12, ti èkejì jẹ́ +6. Jìtá kan náà, ọwọ́ kan náà, mítà èkejì á máa ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní 6 dB. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Àjà wọn ni kò ga dọ́gba. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi lè gba nọ́ńbà ẹlòmíràn kí ẹ lò ó bẹ́ẹ̀. Neural Amp Modeler, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní ibi tí ẹ lè kọ dBu interface yín sí, á sì ṣírò ìyókù fún àwọn amp tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n tiwọn sínú fáìlì.

Àwọn kan á ní kí ẹ sáà gbà á ní 32-bit float (ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ nọ́ńbà ohùn sílẹ̀), pé ìyẹn kò lè fọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí converter tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá jẹ́ ti 24-bit, ó ti gé orí ìgbì kó tó di float. Àwọn ẹ̀rọ díẹ̀ kan wà tí wọ́n dìídì ṣe ẹnu ọ̀nà wọn fún un. Tiwọn yàtọ̀, síbẹ̀ preamp wọn náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Bí ó bá jẹ́ máíìkì lẹ ń gbé síwájú amp gidi, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àfi pé ẹ máa nílò gain díẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ ṣètò ariwo amp bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, kí ẹ tó ṣètò gain máíìkì. Jìtá tó ti kún fún distortion kì í fò sókè sódò bíi ti ohùn tó mọ́, amp ti tẹ orí ìgbì náà mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà mítà á máa dúró lójú kan, kò sì nílò àyè tó pọ̀ lókè. Ohun kékeré kan tún ni pé ojú ìlà mono ni kí ẹ yàn fún jìtá. Bí ẹ bá yan stereo, etí kan ṣoṣo lẹ sábà máa gbọ́ ọ nínú, ẹ ó sì rò pé ìdajì ohùn ti sọnù.

Ariwo húúú tí ẹ ń gbọ́ lábẹ́ ohùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí òun bá yí gain sókè, ohùn jìtá á borí ariwo náà. Kò ní borí rẹ̀, torí pé ariwo yẹn àti ohùn okùn jọ ń gba wáyà kan náà wọlé ni. Ohun tí gain bá ṣe fún ọ̀kan ló máa ṣe fún èkejì. Láti ara pickup ló ti wá, pàápàá single coil (pickup oníwáyà wíwé kan ṣoṣo), tó ń gbọ́ iná ilé tó wà nínú ògiri, ṣájà, àti ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé jìtá sára, ẹ fọwọ́ dí okùn kó má dún, kí ẹ wá rọra máa yí ara yín lórí àga bí ẹ ṣe ń gbọ́ ariwo náà nínú hẹ́dífóònù. Á ga, á sì tún lọ sílẹ̀. Ibì kan wà tó ti máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ti kọ ẹ̀gbẹ́ sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ẹ fà sẹ́yìn kúrò nídìí rẹ̀ bíi mítà kan, ẹ yọ ṣájà tó bá wà nítòsí, ẹ kọjú síbi tó dákẹ́ jù yẹn, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì pupa.